Kí lẹ ń dúpẹ́ fún tí ẹlòmíì ò ní kà sí nǹkan kan? Ẹ sọ tiyín

Adé Yábàá:
Ẹ káàárọ̀ o gbogbo ilé. Tí èèyàn bá ra mọ́tò, a ó dúpẹ́, tí ìyàwó bá bímọ, a ó dúpẹ́, tí físà bá jáde, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ló máa gbọ́. Ìyẹn kọ́ ni mò ń bèèrè. Àwọn nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ni mò ń bèèrè, ti inú ilé, ti láàárín tọkọtaya, ti ọ̀rẹ́, ti orí pápá fún àwa tí básíkẹ́ẹ̀tì ti wọ̀ lẹ́jẹ̀. Tèmi rèé: ẹ mọ̀ pé tí NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, bá ti dé ìparí, aago kan ààbọ̀ òru ni wọ́n máa ń gbá a lọ́dọ̀ wa níbí. Ìyàwó mi ò mọ free throw yàtọ̀ sí throw-in, àmọ́ òun ló máa ń jí mi. Òun o, kì í ṣe álááàmù. Á fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà, á ní "dìde, àwọn èèyàn ẹ ti jáde", á yíjú sí ògiri, ó ti sùn padà nìyẹn. Kò ní sọ̀rọ̀ iná, kò ní sọ pé ariwo pọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?

Ọmọ Láfíàjì:
Ó fẹ́ ra nǹkan ni. Padà wá sọ fún wa níparí oṣù.

Ìyá Ìbejì Súrùlérè:
Kò fẹ́ ra nǹkan kan jàre. Ó ti mọ̀ pé tí òun ò bá jí i, ojú tó máa fi wo gbogbo ilé láàárọ̀ ò ní ṣeé wò. Èmi náà máa ń jí tèmi, torí àlàáfíà ara mi ni.

Adé Yábàá:
Ẹ̀yin ará ibí yìí, ẹ jẹ́ n gbádùn ìyàwó mi o.

Wòlíì Rebound:
Èmi ń dúpẹ́ pé mi ò níyàwó. Ìgbà tó wù mí ni mò ń sùn, ìgbà tó wù mí ni mò ń jí.

Ìyá Ìbejì Súrùlérè:
Wòlíì, a ti gbọ́. Ta ló ń se oúnjẹ fún ẹ?

Wòlíì Rebound:
Màmá mi 😭

Bàbá Ṣadé Bàríga:
Ẹ ní sùúrù fún mi, tèmi gùn díẹ̀, inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí Third Mainland ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Pápá kan wà lọ́dọ̀ wa ní Bàríga, kọnkéré ni, òpó méjì, ríìngì méjì, kò sí àwọ̀n lára ìkankan, ó ti pẹ́ tó ti já dànù. Ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù lórí ríìngì tí ò láwọ̀n rí á mọ ohun tí mò ń sọ, bọ́ọ̀lù á gba àárín kọjá fìrì, ìyẹn á ní ó wọlé, èyí á ní ẹ̀gbẹ́ ló gbà, ìjà dé nìyẹn, torí ẹgbẹ́ tó bá pàdánù ló máa kúrò lórí pápá, wọ́n sì lè má kàn yín mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ìyàwó mi wá pè mí pé àlejò dé sílé, ó bá èmi àti géńdé kan tí a ti di ara wa lọ́rùn aṣọ mú. Ọmọ Ìlàjẹ ni ìyàwó mi, apẹja ni bàbá ẹ̀, etí omi ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó wo òkè, ó wò wá, ó ní "ṣé torí àwọ̀n lẹ ṣe ń ya aṣọ ara yín?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi gbàgbé àlejò.

Mi ò mọ̀ pé ó gbé e sọ́kàn. Ṣàdéédéé ló bi mí pé ihò mélòó ló wà lábẹ́ irin yẹn tí wọ́n fi ń so ó kọ́, mo gun èjìká ẹnì kan lọ kà á, méjìlá ni. Ló bá lọ yọ abẹ́rẹ́ tí bàbá ẹ̀ fi ń wun àwọ̀n jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, onígi ni, ẹnu ẹ̀ ti dán nítorí ọwọ́ àtọwọ́, mi ò rí i rí látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ! Tó bá ti ta ẹja tán nírọ̀lẹ́ á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á na ẹsẹ̀, á fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ di okùn mú kó le, á wá máa so kókó níkọ̀ọ̀kan. Òkè fẹ̀, ìsàlẹ̀ há. Ó ní kí ló dé tí ìsàlẹ̀ fi gbọ́dọ̀ há, mo ní kí bọ́ọ̀lù lè fara dúró díẹ̀ kí ojú rí i pé ó wọlé ni, ó ní "bíi ti ẹja náà nìyẹn, ẹnu fẹ̀, ìdí há". Ọjọ́ tí a so ó kọ́, ẹni tó kọ́kọ́ ju bọ́ọ̀lù sí i, ó dún "ṣùwáà", gbogbo pápá hó yèè. Àwọn ọmọdé àdúgbò ti sọ ọ́ ní Màmá Aláwọ̀n, tó bá gbé ẹja kọjá wọ́n á máa kí i. Èmi tí mo ní in nílé, tí n bá ti gbọ́ "ṣùwáà" yẹn, orí mi máa ń wú, kódà tó bá jẹ́ àwọn tó ń nà wá ló ju bọ́ọ̀lù wọlé.

Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn:
Irọ́. Àwọ̀n ẹja lórí ríìngì? Kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi máa já.

Bàbá Ṣadé Bàríga:
Ta ló sọ àwọ̀n ẹja fún ẹ? Okùn náílọ́nù ni, èyí tó nípọn tí wọ́n fi ń sé etí àwọ̀n ńlá, tí wọ́n fi ń fà á jáde nínú ọ̀sà pẹ̀lú gbogbo ẹrù ẹja. Òjò ti pa á, oòrùn ti pa á, ó ṣì wà níbẹ̀. Wá wò ó.

Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn:
Fi fọ́tò síbí.

Bàbá Ṣadé Bàríga:
Mo wà lórí bíríìjì.

Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn:
Ẹ̀n-ẹ́n. Orí bíríìjì náà ni.

Tọ́lá Onídìrí:
Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn, fi bàbá yẹn sílẹ̀. Èmi ti gba gbogbo ẹ̀ gbọ́ látorí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ yẹn, kò sí òpùrọ́ tó máa rántí fi ìyẹn sí i. Àmọ́ Bàbá Ṣadé, ṣé ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ṣá?

Bàbá Ṣadé Bàríga:
Mo ra súyà.

Ìyá Ìbejì Súrùlérè:
SÚYÀ!!!

Ìyá Fáwàz:
Mo ti mọ̀. Àwọn ọkùnrin Èkó, súyà ni ẹ̀bẹ̀, súyà ni ọpẹ́, súyà náà ni "ibi iṣẹ́ ni mo ti pẹ́".

Alhájì Òkè Àrìn:
Kí ló burú nínú súyà? Ọkọ kì í ṣe ẹni tó ń wí "o ṣé, o ṣé" kiri inú ilé ara ẹ̀. Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti gbéyàwó, mi ò sọ ọ́ rí, ìyàwó mi mọ ohun tó wà níkùn mi.

Ìyá Fáwàz:
Alhájì, ẹ má bínú o, ṣé wọ́n sọ fún yín pé àwọn mọ̀ ọ́n ni àbí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún ara yín?

Wòlíì Rebound:
Áà! Block nìyẹn! Bọ́ọ̀lù ti wọ inú èrò!

Kúnlé Lérè:
Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ Alhájì, kí ọkọ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó kì í ṣàṣà òyìnbó. Bàbá mi, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó pọ́ńbélé, wọn ò wọ kíláàsì rí, tí wọ́n bá ti bọ́jú tán láàárọ̀ ohun tí wọ́n máa ń sọ fún màmá mi ni "o ṣé àná o". Torí ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀ ni o. Àwọn àgbà náà ló sì ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Alhájì Òkè Àrìn:
Mo gbọ́. Àmọ́ tí mo bá wọlé báyìí tí mo ní "o ṣé", á ní kí wọ́n wá ẹ̀gbọ́n mi wá, á rò pé mo ti fẹ́ kú.

Ìyá Ìbejì Súrùlérè:
😂😂 Alhájì ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, ẹ wá sọ fún wa.

Kúnlé Lérè:
Tèmi tí mo wá sọ kì í tiẹ̀ ṣe ti ìyàwó, ti ọ̀rẹ́ ni. Orúnkún ẹ̀ ti yẹ̀, dókítà ní kò gbọ́dọ̀ fò mọ́. Ẹ wò ó, gbogbo Sátidé ló ń wọ mọ́tò méjì láti Ìyànà Ìpájà wá sí Súrùlérè, á gbé àga oníke ẹ̀ dání, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, á máa bá wa kọ ayò sílẹ̀ sẹ́yìn ìwé ìṣirò ọmọ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó tún ń rẹ́ wa jẹ o! Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ràn lọ́jọ́ yẹn ló ń bù ayò fún, tí a bá bínú á ní kí ẹni tójú ẹ̀ ríran jù wá kọ ọ́. Lọ́sẹ̀ tí kò bá wá, gbogbo wa á kàn gbá a bẹ́ẹ̀, kò ní dùn, a ò ní rẹ́ni bá jà. Àríyànjiyàn tó fẹ́ràn jù ni pé Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ wa tó gbá NBA, ju Michael Jordan lọ.

Ọmọ Láfíàjì:
Hakeem kẹ̀? Ife 1994 àti 1995 tó gbà, ṣebí ìgbà tí Jordan lọ gbá baseball ni.

Kúnlé Lérè:
O ò mọ̀tàn. Jordan ti padà dé ní oṣù kẹta 1995, ó gbá playoff ọdún yẹn, ìyẹn ìdíje àṣekágbá, ẹgbẹ́ Orlando ló lé e dànù. Orlando yẹn náà ni Hakeem àtàwọn Rockets wá fún ní 4-0 ní ìparí. Ẹni tó na ẹni tó nà ẹ́, kí lo máa pè é?

Wòlíì Rebound:
Lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ NBA ń yan àwọn ọmọ tuntun ní 1984, tí wọ́n mú àwọn méjèèjì, ta ló ṣe nọ́ńbà kìíní? Ọmọ Èkó. Jordan ṣe ìkẹta. Ẹ bi wọ́n.

Ọmọ Láfíàjì:
Jordan ife mẹ́fà, Hakeem ife méjì. Mo ti sọ tèmi.

Alhájì Òkè Àrìn:
Handball ni ọmọ yẹn ń gbá ní Muslim Teachers College kí wọ́n tó fà á sí básíkẹ́ẹ̀tì. Akeem là ń pè é nígbà yẹn, ọdún 1991 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi H síwájú orúkọ ẹ̀.

Ìyá Fáwàz:
Ẹ wo Alhájì! Ẹ̀yin tí ẹ ò rántí ọ̀ọ̀lẹ̀ àná.

Tọ́lá Onídìrí:
Ẹ máa pariwo àwọn ọkùnrin lọ. Ta ló gbé wa dé kótà fáínà Òlíńpíìkì? D'Tigress ni, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin Nàìjíríà, Paris 2024, kò sí ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Áfíríkà kankan tó débẹ̀ rí, ì báà ṣe tọkùnrin ì báà ṣe tobìnrin. Lọ́jọ́ tí wọ́n na Australia 75-62, àárọ̀ ni, mo ń dirí fún oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù mi l'Ójúẹlẹ́gba, a ti dé ìdajì orí, NEPA mú iná lọ. Mi ò mọ obìnrin yẹn rí o, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wá nìyẹn. Ó ní kí n fi orí òun sílẹ̀, ó tan dátà fóònù ẹ̀, a gbé fóònù ti ara ìkòkò omi gbígbóná tí mo ń ki ìrun bọ̀, àwa mẹ́rin da orí pọ̀ sí i, òun tó jẹ́ apá kan orí ẹ̀ ló dì tí apá kejì dúró sókè gan-an ló ń pariwo jù. Bó ṣe parí ni mo parí orí ẹ̀, mi ò gbowó, ó ní òun ò gbà, a jà sí i. Bó ṣe dọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Nígbà tí mo bí ọmọ mi, tí ọkọ mi wà ní Ìbàdàn tí mọ́tò bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́nà, òun ló sùn sórí bẹ́ǹṣì lọ́sibítù mọ́jú. Ọkọ mi dé láàárọ̀, ó bá a níbẹ̀ tó ń bá nọ́ọ̀sì jiyàn.

Adé Yábàá:
Ìdí tí mo fi ní ẹ wá sọ̀rọ̀ gan-an nìyí.

Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn:
D'Tigers, ẹgbẹ́ ọkùnrin wa, náà na Amẹ́ríkà 90-87 ní 2021, ẹ má sọ bíi pé àwọn ọkùnrin ò ṣe nǹkan kan.

Tọ́lá Onídìrí:
Eré ìdánrawò! Nígbà tí wọ́n wá dé Òlíńpíìkì fúnra ẹ̀ ńkọ́? Wọn ò borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn:
Ìyá yìí le o.

Àbẹ̀kẹ́ Èbúté Mẹ́ta:
Mo ti ń kà á bọ̀ látàárọ̀. Ọkọ mi ti lọ, kò tíì pẹ́ púpọ̀. Kò sí eré tó ń wò tí kì í pè mí pé kí n wá jókòó ti òun, màá sì máa ráhùn pé mo ní abọ́ tí mo fẹ́ fọ̀, àmọ́ màá lọ. Bàtà tó fi ń gbá a ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọmọ wa ọkùnrin ti ń kisẹ̀ bọ̀ ọ́ báyìí, ó kù díẹ̀ kó bá a mu. Mò ń dúpẹ́ pé ẹsẹ̀ bàbá ẹ̀ ló gbé wá.

Ìyá Ìbejì Súrùlérè:
Àǹtí mi, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Á bá yín wo ọmọ.

Alhájì Òkè Àrìn:
Àmín. Ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn.

Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn:
Ẹ kú àmúmọ́ra, àǹtí mi. Nọ́ńbà mélòó ni bàtà yẹn?

Àbẹ̀kẹ́ Èbúté Mẹ́ta:
45. Ó ní òun fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sórí pápá nílé ìwé.

Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn:
Ẹ má jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lọ o. Kọnkéré á jẹ ẹ́ tán kí táàmù tó parí. Ẹ tọ́jú ìyẹn fún un, ẹ ra òkìríkà tó máa fi gbá a. Ẹ lọ sí ọjà Kàtàngówà l'Abúlé Ẹ̀gbá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú bélì.

Ọmọ Láfíàjì:
Látí Èbúté Mẹ́ta dé Abúlé Ẹ̀gbá torí bàtà? Owó mọ́tò á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó bàtà. Yábàá nìyí nítòsí wọn.

Adé Yábàá:
Ọmọ Yábàá ni mí, mi ò ní purọ́, tí wọn ò bá mọ ojú ọjà, àwọn ọmọkùnrin yẹn á fà wọ́n láṣọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ mú ọkùnrin kan dání.

Ìyá Fáwàz:
Kí lọkùnrin fẹ́ ṣe? Èmi nìkan ni mò ń lọ, ẹni tó bá fà mí màá fà á padà.

Ẹlẹ́sẹ̀ Gígùn:
Ibi yòówù kẹ́ ẹ lọ, àǹtí mi, ẹ fi èékánná tẹ abẹ́ ẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Tó bá ti le gbagidi, rọ́bà ẹ̀ ti kú nìyẹn, ọmọ á máa yọ̀ ṣubú. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ kó wọ́, ẹ wo ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣí.

Àbẹ̀kẹ́ Èbúté Mẹ́ta:
Ẹ ṣeun gan-an. Òórùn ẹ̀ ńkọ́? Kí ni wọ́n fi ń yọ òórùn òkìríkà?

Wòlíì Rebound:
Ọṣẹ dúdú, ẹ sá a sóòrùn.

Ìyá Ìbejì Súrùlérè:
Ẹ má dá Wòlíì lóhùn, kì í ṣòun ló ń fọ tiẹ̀. Ti ọkọ mi rèé lójú wíńdò látọdún tó kọjá, ẹyẹ ò bà á.