Ṣé likely àti unlikely ṣì ń mú kóòdù yára?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Kóòdù C++ kan wà tí `__builtin_expect` (àmì likely tàbí unlikely, tó ń sọ èsì tí a retí pé `if` máa sábà ní) wà nínú `if` bíi 40. Branch predictor (apá tó ń sọ tẹ́lẹ̀ ọ̀nà tí `if` máa gbà) inú CPU òde òní ti já fáfá gan-an. Ṣé ká yọ wọ́n dànù ni, àbí wọ́n ṣì wúlò? GCC ni compiler wa (ètò tó ń sọ kóòdù di èyí tí CPU lè ṣe), `-O2` sì ni ìpele ìmúyára tí a ń lò.

Èsì 1
Kì í ṣe CPU ni àmì yẹn ń bá sọ̀rọ̀, compiler ni. Pentium 4 (CPU Intel àtijọ́ kan) ní prefix (byte tó ń ṣáájú àṣẹ) tirẹ̀ fún irú àmì bẹ́ẹ̀ (0x2E àti 0x3E), ọ̀pọ̀ CPU tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò tilẹ̀ wò ó. Bí kóòdù ṣe tò ni GCC ń fi í yí padà: ọ̀nà tó wọ́pọ̀ á máa lọ tààrà láìfò, èyí tó ṣọ̀wọ́n á bọ́ sí ìsàlẹ̀ fọ́ńṣọ̀n. Cache line (ìwọ̀n tí CPU ń kó lẹ́ẹ̀kan sínú cache, ìrántí kékeré rẹ̀ tó yára) sábà máa ń jẹ́ 64 byte. Tí kóòdù àṣìṣe bá há sáàárín, ó ń jẹ àyè lásán. Ibẹ̀ lèrè wà. Nínú loop kékeré tó ti jókòó sínú cache, ẹ lè máà rí ìyàtọ̀ kankan.

Èsì 2
Ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. `__builtin_expect(n & 4, 1)` ti bàjẹ́: 0 tàbí 4 ló ń jáde, kò lè jẹ́ 1 láé. `!!(n & 4)` ló yẹ, torí `!!` ń sọ ọ́ di 0 tàbí 1. Ìdá 90 nínú 100 ni GCC máa ń kà sí pé èsì tí ẹ retí máa wáyé. Láti GCC 9, `__builtin_expect_with_probability` ń gba iye tí ẹ bá fẹ́. Fún àṣìṣe, ó sàn kí ẹ gbé e sí fọ́ńṣọ̀n ọ̀tọ̀ pẹ̀lú `__attribute__((cold, noinline))`, `.text.unlikely` (apá tí kóòdù tó ṣọ̀wọ́n ń wà) ló máa lọ. Èyí tó bá jẹ́ ìdajì sí ìdajì, ẹ yọ àmì rẹ̀. Àṣìmọ̀ kan láti ọwọ́ branch predictor ń jẹ nǹkan bíi cycle 15 sí 20, àmì ò sì lè gbà yín níbẹ̀. Ẹ wò ó bóyá `cmov` (àṣẹ CPU tó ń yan iye láìfò) á ṣeé ṣe.

Èsì 3
PGO (profile-guided optimization, níbi tí compiler ti ń lo àkọsílẹ̀ bí ètò ṣe sáré gan-an) ju gbogbo èyí lọ: ẹ kọ́ ọ pẹ̀lú `-fprofile-generate`, ẹ fi dátà gidi sáré, kí ẹ tún un kọ́ pẹ̀lú `-fprofile-use`. Dátà yẹpẹrẹ á ṣì í lọ́nà o. Kí ẹ tó yọ ohunkóhun, ẹ wọ̀n ọ́n: `perf stat -r 10 -e branch-misses,L1-icache-load-misses`.

Oníbèéèrè
Ẹ ṣé. `[[likely]]` ti C++20 ńkọ́?

Èsì 2
Iṣẹ́ kan náà ni. Ẹ̀yìn àkámọ́ `if` ló ń wà, kì í wọ inú rẹ̀, nítorí náà wàhálà `!!` ò sí mọ́.