Àbọ̀ lórí ìbéèrè mi: mẹ́mọ́rì káàdì 128GB olówó pọ́ọ́kú

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ará. Ìbéèrè mi ni bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ojúlówó ni káàdì 128GB tí wọ́n ń tà ní ìdajì owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ H2testw ló yanjú ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, orí Windows ló ti ń ṣiṣẹ́. Á kọ nǹkan kún káàdì náà dẹ́nu, á sì kà á padà láti mọ̀ bóyá gbogbo ohun tó kọ ṣì wà níbẹ̀. Bó bá ń kọ 20MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kíkọ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Ayédèrú ń purọ́ ìwọ̀n ara rẹ̀ fún fóònù: fọ́tò tó bá ti kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ó bómi lọ nìyẹn. 119GB tí Windows ń fi hàn fún káàdì 128GB kì í ṣe jìbìtì o, bó ṣe ń ka tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ dán an wò kí ọjọ́ ìdápadà tó kọjá, ẹ má sì tíì ju páálí rẹ̀ nù. Ó parí.