Wọ́n gbé iṣẹ́ bóhóòlù fún ẹni tí kò kún ojú òṣùwọ̀n: báwo la ṣe lè fẹ̀hónú hàn?

ỌmọÌsánlú

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ló wà ní Yàgbà ní ìpínlẹ̀ Kogi, bóhóòlù oní-sólà mẹ́fà. Nínú ìwé tẹ́ńdà, wọ́n to ohun mẹ́ta tí wọ́n ní dandan ni, pé ẹni tí kò bá ní ọ̀kan nínú wọn, àwọn ò ní wo iye owó rẹ̀ rárá. Ìkíní ni gàráńtì báńkì, ìwé tí báńkì fi dúró fún ẹni, tó jẹ́ ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún iye tẹ́ńdà. Ìkejì ni ẹ̀rí iṣẹ́ mẹ́ta tó jọ ọ́ láàárín ọdún 5. Ìkẹta ni rììgì, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ kànga, tó ní òòlù DTH tó ń lu àpáta nísàlẹ̀ ihò àti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó ń fún un ní afẹ́fẹ́, ìbáà jẹ́ ti ẹni tàbí èyí tí a háyà pẹ̀lú ìwé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí tẹ́ńdà, wọ́n kà á sétí gbogbo èèyàn pé iléeṣẹ́ kan kò fi gàráńtì sínú tirẹ̀. A tún gbọ́ lẹ́yìn náà pé rììgì oníẹrẹ̀, èyí tó ń fi omi ẹrẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀, ló kọ sílẹ̀, kì í ṣe ti DTH. Iléeṣẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n fún ní lẹ́tà iṣẹ́. Ta la ó kọ̀wé sí, ọjọ́ mélòó la sì ní?

Agbẹjọ́rò_Kabba

Okun, àbúrò. Òfin Public Procurement Act ti ọdún 2007, òfin tó ń darí bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń gbé iṣẹ́ síta, abala 54, ni kí ẹ ṣí. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ẹ ò sì lè fo ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí accounting officer iléeṣẹ́ ìjọba tó pe tẹ́ńdà. Ní ministry, akọ̀wé àgbà ni. Ní àjọ, ọ̀gá àgbà pátápátá ni. Ọjọ́ iṣẹ́ 15 lẹ ní, láti ọjọ́ tí ẹ mọ̀ tàbí tó yẹ kí ẹ ti mọ̀ nípa àṣìṣe náà, èyí tó bá ṣáájú nínú méjèèjì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe ti ń pàdánù. Ẹ má fi ọjọ́ tí lẹ́tà ìjákulẹ̀ dé nìkan ka ọjọ́. Wọ́n lè ní ọjọ́ ìṣíde tẹ́ńdà ni ẹ ti gbọ́ pé gàráńtì kò sí. Tí ẹ bá ṣì wà láàárín 15 láti ọjọ́ ìṣíde, ẹ kọ ọ́ lónìí. Tí ìyẹn bá ti kọjá, ẹ kọ ọ́ kedere pé kì í ṣe àìsí gàráńtì lẹ̀ ń bá jà, bí kò ṣe ìpinnu láti gba tẹ́ńdà náà bẹ́ẹ̀, àti pé ọjọ́ tí wọ́n kéde olùborí lẹ tó mọ̀.

Accounting officer náà ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti dáhùn pẹ̀lú ìdí. Bí èsì rẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, tàbí bí ó bá dákẹ́, ẹ gbé e lọ sí BPP (Bureau of Public Procurement), àjọ tó ń ṣọ́ bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń gbé iṣẹ́ síta, l'Abùjá láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Ẹ má retí ẹni tó bá dákẹ́. Bí 15 tirẹ̀ bá ti pé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka 10 tiyín. BPP ló lágbára láti dá iṣẹ́ náà dúró títí wọ́n á fi parí ọ̀rọ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ṣe ìpinnu láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 21. Lẹ́yìn èyí ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀, tó ní ẹ̀ka ní Lọ́kọ́jà, ó sì jẹ́ láàárín ọjọ́ 30. Ẹni tó bá sáré lọ sí kóòtù láìtíì kọ̀wé sí accounting officer, wọ́n á dá a padà.

Ní ti gàráńtì, abala 31 ni agbára yín. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ gba àtúnṣe tó máa sọ tẹ́ńdà tí kò kún ojú òṣùwọ̀n di èyí tó kún. Tí wọ́n bá jẹ́ kí iléeṣẹ́ náà mú gàráńtì wá lẹ́yìn ìṣíde, ìyẹn gan-an lòfin kọ̀.

QS_Ayétòrò

Ohun tí agbẹjọ́rò sọ nípa gàráńtì kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbi rììgì. Abala 31 kan náà pín ìyapa, ìyẹn ibi tí tẹ́ńdà kò ti bá ohun tí wọ́n béèrè mu, sí méjì: ìyapa ńlá tó ń lé tẹ́ńdà jáde, àti ìyapa kékeré tí wọ́n lè béèrè àlàyé lé lórí. Lára èyí tó kà sí kékeré ni lílo ọ̀nà ìkọ́lé tó yàtọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n máa sá sí. Wọ́n á ní rììgì oníẹrẹ̀ kàn jẹ́ ọ̀nà mìíràn láti gbẹ́ kànga ni.

Èsì yín nìyí. Abala 16 ní agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ ní irinṣẹ́ tí iṣẹ́ náà ń fẹ́. Nítorí náà, ohun tí wọ́n ń béèrè ni bóyá ẹni náà yẹ láti ṣe iṣẹ́, kì í ṣe ọ̀nà tó máa gbà ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó mú ọ̀rọ̀ owó wá, torí abala 31 ní bí iyèméjì bá wà lórí ohun tí òfin kò dárúkọ, ipa rẹ̀ lórí owó ni ká fi wọ̀n ọ́: bí ó bá pọ̀, ìyapa ńlá ni.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀ fún wọn. Bí tẹ́ńdà yín bá jẹ́ mílíọ̀nù 60 náírà, gàráńtì ìdá 2 jẹ́ mílíọ̀nù kan àti ọ̀kẹ́ mẹ́wàá. Báńkì á gba owó iṣẹ́ lórí rẹ̀, ó sì lè ti owó yín mọ́lé títí tẹ́ńdà á fi parí. Owó háyà kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ńlá, dísù rẹ̀, àti orí òòlù tó ń jẹ lórí àpáta, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú iye yín. Ẹni tí wọ́n dá a sí kò ná ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ kọ iye kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì so ìwé háyà àti rìsíìtì báńkì mọ́ ọn.

Ẹ má gbàgbé ilẹ̀ wa náà. Láti Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀, orí àpáta la wà. Ilẹ̀ rírọ̀ tó bò ó kì í fi bẹ́ẹ̀ nípọn, inú ibi tí àpáta ti sán lomi tó ń dúró wà. Rììgì oníẹrẹ̀ á dúró níbi tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á fi páìpù sí i níbẹ̀, omi á jáde lójú òjò, á sì gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí tí DTH fi wà nínú ìwé tẹ́ńdà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí onímọ̀ ilẹ̀ kan kọ ojú ìwé kan péré lórí èyí.

ỌmọÌsánlú

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Àwọn kan ní ká kọ̀wé sí sẹ́nétọ̀ dípò. Ṣé ó lè ràn wá lọ́wọ́? Bí ó bá sì jẹ́ pé gbogbo wa ni wọ́n bá dín nǹkan dandan náà kù ńkọ́?

Agbẹjọ́rò_Kabba

Lẹ́tà sẹ́nétọ̀ kò dá ọjọ́ dúró. Bí ọjọ́ 15 bá kọjá níbi tí ẹ ti ń retí èsì rẹ̀, ọ̀nà abala 54 ti dí nìyẹn.

Tẹ́ńdà_Ìjùmú

Ìbéèrè kejì yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Amẹ́ríkà, níbi tí iléeṣẹ́ GAO, àjọ tó ń ṣọ́ owó ìjọba níbẹ̀, ti ń gbọ́ irú ẹjọ́ báyìí. Kò tó kí o sọ pé olùborí kò ní ohun dandan kan. O gbọ́dọ̀ fi hàn pé ká ní wọ́n sọ fún ìwọ náà pé ohun náà kì í ṣe dandan mọ́, tẹ́ńdà rẹ ì bá yàtọ̀, á sì dára ju bó ṣe wà lọ. Òfin tiwa kò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ lẹ́tà yín bíi pé ó kọ ọ́: “Ká ní a mọ̀ pé rììgì oníẹrẹ̀ tó, iye wa ì bá wálẹ̀ dé báyìí.” Ẹni tó bá fẹ́ yí ohun dandan padà, kí ọjọ́ ìfisílẹ̀ tó pé ló yẹ kó ti kọ̀wé sí gbogbo àwọn tó ra ìwé tẹ́ńdà. Lẹ́yìn ìṣíde, ó ti pẹ́ jù.

Kí ẹ tó fi lẹ́tà sílẹ̀, ẹ yẹ tẹ́ńdà tiyín wò dáadáa: tax clearance (ẹ̀rí owó orí) ọdún mẹ́ta, ìwé ẹ̀rí PENCOM (owó ìfẹ̀yìntì), ti ITF (owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́), ti NSITF (ìdáàbòbò òṣìṣẹ́), IRR (ìwé ìforúkọsílẹ̀) ti BPP, àti ìwé ìbúra. Bí ọ̀kan bá ti kù, ohun tí wọ́n máa fi dáhùn yín nìyẹn. Ẹ tún wo ipò yín. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni karùn-ún nínú iye owó, yíyọ olùborí kò gbé iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹni tó tẹ̀ lé e ló yẹ kó sáré jù.

Ẹ béèrè ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìṣíde nísinsìnyí. Ní kété tí wọ́n bá ti gba tẹ́ńdà kan, abala 38 fún yín láyè láti béèrè àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ lo òfin FOI ti 2011, òfin ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, tó fún wọn ní ọjọ́ 7. Abala 19 ní kí wọ́n pe alákìíyèsí méjì, ọ̀kan láti ẹgbẹ́ àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, ọ̀kan láti ẹgbẹ́ tó ń jà fún òdodo. Ẹ wádìí ẹni tí wọ́n jẹ́, torí wọ́n lè ní àkọsílẹ̀ tiwọn.

Orí lẹ́tà iléeṣẹ́ yín ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí dáírẹ́kítọ̀ fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ sórí ẹ̀dà tiyín. Gbogbo èyí fún owó ìjọba àpapọ̀ ni o. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Kogi tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀, òfin ìpínlẹ̀ ni kí ẹ wò, kí ẹ sì ka ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun.