Ikọ̀ squash wa ń fìdí rẹmi ṣáá, ìdíje 5 ló kù: ibo la ti ń jò?

Káptéènì_Ìsàlẹ̀Tábìlì
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Líìgì kańtì ti squash (bọ́ọ̀lù tá a ń fi rákẹ́ẹ̀tì nà mọ́ ògiri) là ń gbá níbí ní England, ikọ̀ 8 ló wà ní dífíṣọ̀n wa. Ẹni 5 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń kó wá. Géèmù kan téèyàn bá jẹ, pọ́ìntì 1 ni. Ikọ̀ tó bá sì borí lápapọ̀ á gba 5 lé e. A ti gbá 9, ó ku 5. Pọ́ìntì 86 la ní, ipò keje. 97 ni ti ẹni tó wà níwájú wa, ikọ̀ 2 ló sì máa já sílẹ̀.

Bí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ṣe lọ nílé àwọn alátakò wa rèé (tiwa ló ṣáájú, nọ́ńbà 1 ló lágbára jù):
Nọ́ńbà 1: 0-3
Nọ́ńbà 2: 2-3 (11-7, 11-8, 6-11, 5-11, 9-11)
Nọ́ńbà 3: 3-0
Nọ́ńbà 4: kò wá, 0-3
Nọ́ńbà 5: 3-1

Wọ́n gba 15, a gba 8. Kọ́ọ̀tù wọn tutù bí inú fíríìjì, bọ́ọ̀lù ò ta rárá. Ṣé kí n gbé nọ́ńbà 3 sí ipò 2 ni?

Àgbà_Máákà
Ọ̀gá káptéènì, ẹ má tíì fọwọ́ kan nọ́ńbà 2 àti 3. Àyè kẹrin yẹn lọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ẹnì kan gbá nọ́ńbà 4 tó sì jẹ 3-1, géèmù 11 lẹ ò bá kó, ẹ ó gba 5 lé e, ó di 16. Àwọn ò bá kó 8 péré. Àìwá ẹnì kan ló sọ 16-8 di 8-15. Kódà kó fìdí rẹmi 1-3, pọ́ìntì 1 ti wọlé.

Èyí tó tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù nìyí: ta ló ní kẹ́ ẹ fi ihò sílẹ̀ láàárín? Ní ọ̀pọ̀ líìgì, ìsàlẹ̀ ni àyè òfìfo gbọ́dọ̀ wà. Bí nọ́ńbà 4 ò bá wá, nọ́ńbà 5 á gòkè wá gbá 4, ẹ ó wá fi 5 sílẹ̀. Bí káptéènì wọn bá kọ̀wé sí akọ̀wé líìgì, wọ́n lè fagi lé 3-1 tí nọ́ńbà 5 yín jẹ, kí wọ́n sọ ọ́ di 0-3. Ẹ ṣí ìwé òfin yín kí ẹlòmíì tó bá yín ṣí i.

Ẹ wá ẹni méjì tí á máa dúró de àyè, kì í ṣe ẹnì kan. Ẹ bi gbogbo wọn ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí kálukú fi ẹnu ara ẹ̀ dáhùn. "Màá wò ó" kì í ṣe ìdáhùn. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ yá èèyàn látinú ikọ̀ kejì, ẹ kọ́kọ́ wo iye ìgbà tó lè gbá fún yín kí òfin tó so ó mọ́ ikọ̀ yín.

OlójúYẹ́lòMéjì
Ọ̀rọ̀ Àgbà ti tó, àmọ́ ẹ má fojú kékeré wo kọ́ọ̀tù tútù o. Bọ́ọ̀lù olójú yẹ́lò méjì (èyí tó ní àmì yẹ́lò méjì lára) ò ní ta àfi tó bá gbóná, bíi digrí 45. Ìṣẹ́jú 4 ni òfin fún ẹni méjèèjì láti mú un gbóná, ẹ ó pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 2. Ẹni tó bá ń fi ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ta lob (bọ́ọ̀lù gíga) jẹ́jẹ́ ń ṣeré ni. Kó máa nà án, pàà, pàà, kó lọ kó bọ̀.

Láàárín géèmù méjì, ìṣẹ́jú 2 ló wà, bọ́ọ̀lù á sì tún ti kú. Ẹ ò lè mú un jáde fi sápò, inú kọ́ọ̀tù ló gbọ́dọ̀ wà àfi bí rẹfirí bá yọ̀ǹda. Kí ẹni yín mu omi, kó pààrọ̀ ẹ̀wù tó bá ti rẹ gbindin (òógùn tó ń kán sílẹ̀ ló ń yọ ẹsẹ̀), kó padà wọlé ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, kó fi ìyókù na bọ́ọ̀lù.

Ọ̀rọ̀ gbígbá ńkọ́? Bọ́ọ̀lù gígùn tẹ́ ẹ ń gbá mọ́ ìlà sáfù lára ògiri iwájú, ìyẹn mítà 1.78, tó dára níbi tó bá gbóná, àárín kọ́ọ̀tù ló máa bọ́ sí nínú òtútù, ó di oúnjẹ alátakò. Ẹ gbé e ga, bí ìdajì mítà sókè ìlà náà, kó lè balẹ̀ lẹ́yìn àpótí sáfù. Drop (bọ́ọ̀lù tó rọra kú níwájú) àti boast (èyí tó kọ́kọ́ lu ògiri ẹ̀gbẹ́) ló ń pa èèyàn níbẹ̀. Páànù ìsàlẹ̀ ògiri iwájú ò ga ju sẹ̀ǹtímítà 48 lọ. Bí bọ́ọ̀lù bá lu ògiri díẹ̀ sókè ẹ̀, á ti balẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kí ẹni tó wà lẹ́yìn tó dé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lo bọ́ọ̀lù olójú yẹ́lò kan, tó máa ń ta ju ti méjì lọ, ẹ̀yin àti wọn gbọ́dọ̀ jọ gbà.

Rákẹ́ẹ̀tì_Ìyá
Nọ́ńbà 2 tó jẹ 11-7, 11-8 tó wá fìdí rẹmi, ta ló ń ṣe rẹfirí fún un? Ní líìgì kílọ́ọ̀bù, ẹni tó bá ti gbá tiẹ̀ tán tàbí tó ń dúró ló sábà máa ń jókòó sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń bẹ̀rù àti sọ pé stroke (pọ́ìntì fún ẹni tí wọ́n dí lọ́nà). Gbogbo ẹ̀ á di let (kí wọ́n tún un gbá). Bí ẹni tó fẹ́ gbá bá lè dá a padà ṣùgbọ́n alátakò dí i lọ́nà níbi tó ti ń sapá láti yàgò, let ni. Bí alátakò bá dí ọwọ́ tó fẹ́ fi rákẹ́ẹ̀tì gbá, tàbí tó dúró sójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù tó ń lọ tààrà sí ògiri iwájú, stroke ni. Bí kò bá lè bá a rárá, no let, alátakò ló ni pọ́ìntì náà. Géèmù karùn-ún tó parí sí 11-9, stroke méjì tó di let ti tó láti gbé e lọ.

Pípààrọ̀ 2 àti 3 nítorí ìdíje kan ṣoṣo? Rárá o. Bí agbára ni líìgì ní kẹ́ ẹ tò wọ́n; àrékérekè ni wọ́n á pè é. Ẹ jẹ́ káwọn méjèèjì gbá ara wọn nílé ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ kọ èsì ẹ̀ sórí SquashLevels (ìkànnì tó ń díwọ̀n agbára àwọn tó ń gbá squash) pẹ̀lú pọ́ìntì géèmù kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe 3-2 nìkan, torí pọ́ìntì wọ̀nyẹn náà ló fi ń díwọ̀n èèyàn.

Káptéènì_Ìsàlẹ̀Tábìlì
Ẹ ṣé gan-an. Èmi ni mo fi àyè kẹrin sílẹ̀, mo rò pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Àwọn tó ní 97 ló ń bọ̀ wá bá wa nílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kọ́ọ̀tù 2 la ní.

Àgbà_Máákà
Á dáa. Bẹ́ ẹ bá jẹ 3-2 tí géèmù sì jẹ́ 12-11, 17 sí 11 ni: àlàfo 11 yẹn á di 5. Bó bá yí sódì, ó di 17. Ẹ gbé 5 àti 3 sórí kọ́ọ̀tù lẹ́ẹ̀kan náà, lẹ́yìn náà 4 àti 2, kí 1 kẹ́yìn. Kí 4 ṣe rẹfirí fún 5, kí 2 ṣe ti 3, tí wọ́n bá sì parí kí wọ́n yí i padà. Nọ́ńbà 1 ò ní ṣe rẹfirí, ara ẹ̀ ni kó máa mú gbóná. Ẹ tan híítà kọ́ọ̀tù ṣáájú, kẹ́ ẹ sì mú bọ́ọ̀lù tuntun 5 dání, torí ẹ̀yin lonílé.