Àbúrò mi kò rí ara rẹ̀ bí a ṣe ń rí i

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìsánlú la wà. Àbúrò mi obìnrin ti rù débi pé ìró kì í dúró ní ìdí rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ tó bá wo dígí, ó ní òun sanra. Bó bá jẹ òkèlè iyán kan ju èyí tó pinnu lọ, á ní òun ti ba gbogbo nǹkan jẹ́, òun ò wúlò. Lọ́jọ́ kejì, kò ní fẹnu kan oúnjẹ. Wọ́n ní ayé ló ń ṣe é. Èmi rò pé èrò ọkàn rẹ̀ ni: ìrísí ara nìkan ló fi ń wọn iyì rẹ̀. Mo gbọ́ pé ìtọ́jú wà tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tún irú èrò bẹ́ẹ̀ ṣe. Báwo ni mo ṣe lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, kó má rò pé mò ń bú òun?