Ta ló ti wọ kóòtù àtijọ́ ìgbèríko Texas rí?

Àkànjí Garland: Ẹ̀yin ará Texas, ẹ sọ tiyín. Èmi yà sí Waxahachie lánàá, nísàlẹ̀ Dallas. Kóòtù wọn dúró gàgàrà láàárín ìlú, òkúta pupa òun òkúta eérú, agogo lórí téńté. 1897 ni wọ́n parí ẹ̀. Mo ṣe bí ṣọ́ọ̀ṣì ni, mo ti ṣí fìlà.

Ìyá Bọ̀dé: 😂 Ṣé o rí àwọn ojú tí wọ́n gbẹ́ sórí òpó ẹnu ọ̀nà? Wọ́n ní agbẹ́kùúta kan ló ń fẹ́ ọmọ onílé tó wọ̀ sí. Nígbà tọ́mọ ń rẹ́rìn-ín sí i, ojú arẹwà ló ń gbẹ́. Ìgbà tọ́mọ kọ̀ ọ́, ló bá kọjú sí iwin gbígbẹ́.

Láàńtó: Ìtàn àwọn tó ń mú àlejò rìnlú nìyẹn. Irú ojú bẹ́ẹ̀ pọ̀ lára àwọn ilé ìgbà yẹn.

Ìyá Bọ̀dé: Láàńtó, lọ wo èyí tó yanu gbàgà tó ń weyín. Inú ń bí ẹni tó gbẹ́ ẹ.

Dìran: A dúpẹ́ pé ọkọ mi àná kì í ṣe agbẹ́kùúta.

Ọmọ Mápó: Gbogbo ariwo yìí, wọn ò tíì rí Mápó. 1929!

Láàńtó: Gbọ̀ngàn ni Mápó.

Ọmọ Mápó: Ta ni ò mọ kóòtù Mápó n'Íbàdàn? Ibẹ̀ ni àǹtí mi ti kọ ọkọ.

Kọ́lá Bíríkìlà: Ẹ jẹ́ á padà sórí ilé. James Riely Gordon, ayàwòrán ilé, ló ya kóòtù Waxahachie, òun náà ló ya ti Decatur ní Wise County. Ẹ fi wọ́n síra, Táyé òun Kẹ́hìndé ni. Kò sí ẹ́sì nígbà náà, ló bá fi àtẹ̀gùn sáàárín gbùngbùn ilé, kí ooru máa gbabẹ̀ jáde lókè bí èéfín.

Dìran: Ẹ̀gbọ́n Kọ́lá, ẹ wá kọ́ tèmi n'Íkòròdú. NEPA ò ní pa wá.

Sísí Dálà: Mi ò ní dárúkọ kántì tí kóòtù tèmi wà. Eré àsápajúdé ló gbé mi débẹ̀. Bẹ́ǹṣì onígi, bí mo bá mí báyìí, á dún kẹ̀ẹ́, gbogbo kóòtù á wẹ̀yìn. Adájọ́ pe orúkọ mi dé ìdajì, ó dákẹ́, ó mumi, ó tún bẹ̀rẹ̀. Èmi náà bá dìde kí n gbà á sílẹ̀.

Àkànjí Garland: Ó dín owó ẹ kù?

Sísí Dálà: Kọ́bọ̀ kan ò kúrò ńbẹ̀. Wọ́n tún ṣi orúkọ kọ sórí rìsíìtì.