Èso tí mo rà kò pọ́n, kí ni kí n fi wọ́n ṣe?

Apọ́nbéporẹ́:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ra máńgòrò, píà, ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti síróbẹ́rì ní ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wọn ló ń dán lórí àtẹ, àṣé ojú lásán ni. Máńgòrò le koko, ọ̀bẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ràn án. Píà náà le. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan débi pé ó ń ta mí lẹ́nu. Síróbẹ́rì pupa fòò, ṣùgbọ́n ó tẹ́ pátápátá. Mo ti gé máńgòrò kan, odidi ni àwọn tó kù. Ṣé kí n kó wọn sí fíríìjì kí n máa retí wọn ni, àbí kí n kúkú dà wọ́n nù?

Ọmọ Àgbẹ̀:
Ẹ má dà wọ́n nù o, ẹ má sì tíì kó wọn sí fíríìjì. Èso kì í ṣe bákan náà. Àwọn kan máa ń pọ́n sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ká wọn: máńgòrò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìbẹ́pẹ, ápù, píà. (Píà kì í tilẹ̀ rọ̀ lórí igi, ìgbà tí wọ́n bá ká a ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.) Àwọn èso wọ̀nyí máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tó ń jẹ́ ẹ́tílíìnì, afẹ́fẹ́ yìí ló sì ń mú kí wọ́n rọ̀. Sítáàṣì inú máńgòrò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ á wá di ṣúgà.

Àwọn tó kù, bí wọ́n bá ti kúrò lórí igi, ó parí náà nìyẹn: ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọsàn, àjàrà, síróbẹ́rì. Àwọ̀ wọn lè yí padà, wọ́n lè rọ̀, wọ́n á sì rà tó bá yá, ṣùgbọ́n wọn ò ní dùn ju bí wọ́n ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n ká wọn. Ẹ dúró de máńgòrò àti píà. Ẹ má dúró de ọ̀pẹ̀ òyìnbó àti síróbẹ́rì, ẹ gbé wọn kaná.

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò mi, wá àpò bébà. Kó máńgòrò àti píà náà sínú rẹ̀, fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó ti pọ́n dáadáa sí i, ká ẹnu àpò náà pọ̀ wẹ́rẹ́, kó o gbé e síbi tí kò tutù tí oòrùn kò sì ti máa pa á. Ẹ́tílíìnì tó ń jáde lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn á ran àwọn tó kù lọ́wọ́. Má lo ọ̀rá o! Ọ̀rá máa ń há omi mọ́ra, èso á sì bu kó tó pọ́n. Máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, torí bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, kì í pẹ́ mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ ni kó o fi di píà mú láti mọ̀ bóyá ó ti rọ̀. Ìka máa ń dá egbò sí i lára, ibẹ̀ ló sì máa dúdú.

Apọ́nbéporẹ́:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Kí ló dé tí kò fi yẹ kí n kó wọn sí fíríìjì?

Ọmọ Àgbẹ̀:
Nǹkan bí 4°C ni ọ̀pọ̀ fíríìjì máa ń wà. Máńgòrò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n kì í fara da otútù tó bá kéré sí 13°C fún ìgbà pípẹ́. Ara wọn á dápàá, wọn ò sì ní pọ́n dáadáa mọ́, kódà bí ẹ bá kó wọn jáde. Bí wọ́n bá ti pọ́n tán, ẹ lè wá kó wọn síbẹ̀ kí wọ́n má baà tètè bàjẹ́.

Yárayára:
Gbogbo wàhálà yìí! Ẹ fi kábáìdì sí i, ilẹ̀ á mọ́, á ti pọ́n.

Ọmọ Àgbẹ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Bí omi bá kan kábáìdì, afẹ́fẹ́ asẹ́tílíìnì ló ń jáde, òun ló ń ṣe bí ẹ́tílíìnì. Àmọ́ kábáìdì tí wọ́n ń tà máa ń ní ásẹ́níìkì àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì nínú, májèlé sì ni. Ẹ̀yìn èso á pọ́n, inú rẹ̀ á ṣì le. Kí ni èrè ibẹ̀?

Yárayára:
Ó dáa, mo ti gbọ́. Máíkírówéfù ńkọ́, fún píà?

Olóúnjẹ:
Á rọ̀, kò ní pọ́n. Mo ti tọ́ ọ wò, mi ò sì rọ ẹnikẹ́ni pé kó ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ìdáná, ibi tí mo fẹ́ràn jù. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó: gé e pẹlẹbẹ, wọ́n ṣúgà díẹ̀ lé e, kó o yan án lórí páànù gbígbóná títí tí etí rẹ̀ á fi pọ́n. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ bromelain, ó wà lára ohun tó ń ta ẹnu. Iná máa ń pa á. Síróbẹ́rì: là á sí méjì, da ṣúgà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ lé e, fi sínú ófúnnì tí iná rẹ̀ kò le títí omi rẹ̀ á fi ki. Adùn díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ á kóra jọ, wàá rò pé èso mìíràn ni.

Máńgòrò tó o ti gé yẹn, má retí pé ó máa pọ́n. Rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, fi iyọ̀, ata, àlùbọ́sà àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ó bá ẹja díndín mu gan-an. Tó bá pọ̀, sè é pẹ̀lú fínígà, ṣúgà àti ata ilẹ̀ títí á fi ki, kó o rọ ọ́ sínú ìgò. Èso tí kò tíì pọ́n tán máa ń ní pẹ́kítìnì ju èyí tó ti rọ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń se jáàmù fi máa ń fi díẹ̀ lára rẹ̀ sí i kó lè dì.

Bàbá Àgbà:
Ẹ kú ìmọ̀ràn o, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ fi èyí kún un: máńgòrò tí wọ́n ká láìgbó, ẹ̀rọ kankan ò lè mú un dùn. Ńṣe ni awọ rẹ̀ máa ń hun jọ. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo èjìká rẹ̀ níbi igi, kó yọ kó kún. Ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ pupa tàn yín, irú máńgòrò mìíràn ti pupa láti kékeré. Ọsàn náà lè tutù lẹ́yìn kó sì ti dùn nínú, torí níbi tí ilẹ̀ ti ń móoru lóru, awọ rẹ̀ kì í sábà yí. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ẹ gbóòórùn ìdí rẹ̀. Bí kò bá rùn dáadáa, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Apọ́nbéporẹ́:
Ẹ ṣé o, bàbá. Ìbéèrè kan ló kù: kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ nílé, ápù nìkan ló wà. Ṣé á ṣiṣẹ́?

Ìyá Ìbejì:
Á ṣiṣẹ́ dáadáa. Tòmátì tó pọ́n náà ń ṣe é. Ṣáà rí i pé ápù náà kò tíì rà.